Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ń Wọ Aṣọ Bíi ti Sójà Lọ sí Oko àti Orí Òkè

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire, ẹ̀yin ọmọ Odùduwà tí ẹ ń gun òkè Ìdànrè ní ọjọ́ ìsinmi, tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀yin tí ẹ fi ìgboro sílẹ̀ tí ẹ padà sí oko baba yín, àti ẹ̀yin aláṣẹ tí àbójútó ibi ìgbafẹ́ wà ní ìkáwọ́ yín,

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn pé inú mi dùn sí yín, nítorí pé ní àkókò yìí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kò mọ ibòmíràn ju yàrá àti ojú fóònù lọ, ẹ̀yin ṣì ń jí ní ìdájí Sátidé láti lọ fi àtẹ́lẹsẹ̀ yín tẹ àpáta tí àwọn tó ṣẹ̀ wá sílẹ̀ fi ṣe ibi ìsádi nígbà ogun, ẹ sì ń kọ́ orúkọ igi, ẹ ń kọ́ ohùn ẹyẹ, ẹ ń mọ ilẹ̀ yín dunjú. Ìwé yìí kò wá fi ẹ̀sùn kàn yín. Aṣọ tí ẹ ń wọ̀ lọ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀.

Ẹ̀wù àwọ̀ ewé gbígbẹ tí a fi àbàwọ́n dúdú àti aláwọ̀ ewé tútù yí kiri, ṣòkòtò kọ́ńbáàtì tí àpò rẹ̀ kò lóǹkà, bàtà sójà tí ó ga dé agbedeméjì ojúgun, àpò ẹ̀yìn tí a rán ọ̀já lé láti òkè dé ìsàlẹ̀, bẹ́líìtì líle, ìbọ̀wọ́ tí kò ní orí ìka: èyí ni ohun tí àwọn tó ń tà á ń pè ní tactical, òun ló sì kún ojú ọ̀nà òkè àti ọ̀nà oko báyìí. Àwọn kan ṣà á nínú bósíkọ́nà ní ọjà Katangowa ní Èkó lówó pọ́ọ́kú. Àwọn mìíràn fi odidi owó oṣù ránṣẹ́ rà á láti òkè òkun. Àwọn ọ̀dọ́ ilé mi ń bi mí léèrè bóyá ó yẹ ní ohun tí ènìyàn ń náwó lé fún ìrìn ojoojúmọ́, fún oko, fún òkè, fún ojú ọ̀nà igbó. Èsì mi ni pé, bí a bá yọ ọgbọ́n ìránṣọ díẹ̀ àti irinṣẹ́ díẹ̀ sọ́tọ̀, kò yẹ. Àwọ̀ sójà tó wà lára rẹ̀ sì ń pe ewu tí ó lè gba ẹ̀mí ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ṣòkòtò náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ̀ ọ́ kò mọ̀ pé ojú ogun kọ́ ni a ti bí i. Ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àfonífojì kan wà tí à ń pè ní Yosemite, níbi tí òkúta ti dúró gangan fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà láìní ibi tí ewúrẹ́ lè gbé ẹsẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Royal Robbins ti di ẹni àpọ́nlé láàárín àwọn agunkè, nígbà tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gba ojú àpáta Half Dome gòkè ní ọdún 1957, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà rí. Lẹ́yìn náà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní ìlú Modesto, láti inú iṣẹ́ náà sì ni ṣòkòtò kan ti jáde tí wọ́n sọ ní 5.11, èyí tí í ṣe nọ́ńbà tí àwọn agunkè fi ń wọn ìnira ojú ọ̀nà àpáta. Agunkè ni wọ́n rán an fún. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1990 sókè, àwọn ọlọ́pàá inú ti Amẹ́ríkà, ìyẹn FBI, tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní Quantico, rí i pé àpò rẹ̀ pọ̀, pé ó lágbára, pé ènìyàn lè sáré nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di aṣọ ìdánrawò wọn. Láti ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti kàn láàárín ọlọ́pàá àti sójà, tí wọ́n fi wá dá ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ fún àwọn tó ń gbé ìbọn. Òkè ló bí ṣòkòtò, ìbọn ló gbà á tọ́, wọ́n sì tún wá ń tà á padà fún agunkè ní iye owó tí wọ́n ń ta ohun ogun.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń sọ pé kò sí ohun rere kankan nínú rẹ̀. Ó wà. Ẹ wo inú irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ dáadáa: ẹ ó rí aṣọ kékeré onígun mẹ́rin kan tí a rán sí ìdí, láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ènìyàn lè gbé orúnkún dé àyà láìya aṣọ, ẹ ó rí i pé ojú orúnkún jẹ́ ìṣẹ́po méjì, ẹ ó rí i pé a hun òwú líle kan mọ́ òwú fẹ́lẹ́ ní ìlà-ìlà, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹ̀gún bá ya á, yíya náà kò ní lè sáré kọjá ìlà kejì. Ọgbọ́n ni gbogbo èyí, télọ̀ yín ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ sì lè rán an fún yín pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́ tí ó ní àwọ̀ tí ẹ fẹ́, bí ẹ bá gbé ẹyọ kan fún un kí ó fi ṣe àwòkọ́.

Ti àpò ẹ̀yìn yàtọ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló mú irú àpò ọlọ́jàá yẹn jáde ní ọdún 1997: ọ̀já náà fẹ̀ ní ìnṣì kan, wọ́n sì rán an ní ẹsẹẹsẹ kí sójà lè so àpò ọta, àpò omi, àpò oògùn mọ́ ọn, kí ó sì tú u kúrò nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yí padà. Ó mọ́gbọ́n wá fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń yí padà láàárín ilẹ̀-mọ́ àti ilẹ̀-ṣú. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀yin fẹ́ so mọ́ ọn? Omi, gaàrí, àkàrà, aṣọ ìpààrọ̀ kan, fóònù. Kí ẹ tó ki ìwọ̀nyí bọ̀ ọ́, àpò náà fúnra rẹ̀ lè ti ju kílò kan àbọ̀ lọ, ọ̀já rẹ̀ yóò sì máa kọ́ gbogbo ẹ̀gún àti ìtàkùn tó bá na ọwọ́ sójú ọ̀nà. Àwọn baba wa tó lọ sí ogun Bọ́mà mọ ohun tí ẹrù í ṣe. Ní ọdún 1944, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń la àfonífojì Kaladan kọjá, níbi tí ọkọ̀ kò lè dé, orí ni wọ́n fi ru ohun ìjà àti oúnjẹ, ọkọ̀ òfurufú sì ń ju èyí tó kù sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Ogun ló di ẹrù náà lé wọn lórí. Ẹni tí ogun kò lé, tí ó lọ fi owó ara rẹ̀ ra ẹrù ogun, ó yẹ kí ó tún inú rò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ooru. Aṣọ tí wọ́n fi ń rán ẹ̀wù sójà Amẹ́ríkà jẹ́ ìdajì òwú àti ìdajì nylon, ó nípọn, ó sì lálòpẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa, láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ títí di ìgbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà, tutù rinrin débi pé òógùn kì í fẹ́ gbẹ lára; ìgbà tí òógùn bá sì gbẹ ni ara tó tù. Ẹni tó bá wọ aṣọ nínípọn, tí ó tún ní àwọ̀ dúdú, tí ó dojú kọ àtẹ̀gùn Ìdànrè tí ó ju 600 lọ, kò tíì ní dé ibi ìsinmi kejì tí ẹ̀wù rẹ̀ yóò fi mu òógùn yó. Ẹ̀wù náà yóò wúwo, yóò máa ha abíyá, ṣòkòtò yóò máa bó itan. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀ yóò gbẹ kí ẹ tó mu omi tán. Ọmọ ọdẹ ni mí, mo sì mọ gbérí baba mi dáadáa: kíjìpá ni, wọ́n pa á láró títí ó fi ṣú, apá rẹ̀ kúrú, abẹ́ apá rẹ̀ gbòòrò débi pé bí baba bá gbé ọwọ́ sókè, èmi ọmọdé lè ki gbogbo ọwọ́ mi bọ ibẹ̀, atẹ́gùn sì ń gba ọ̀tún wọlé, ó ń gba òsì jáde. Ẹni tó rán an mọ igbó tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Ṣòkòtò dígò tó fi ń wọ̀ ọ́ kò ní ohun tí èèmọ́ lè dì mọ́, bí wèrèpè bá sì bà á, gbígbọ̀n lásán ni. Kì í ṣe pé mo ní kí gbogbo yín padà sí kíjìpá o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Rẹ́gí-rẹ́gí lohun ẹni ń báni mu, ẹ̀wù tí wọ́n dá fún aginjù àti fún òkè olótùútù kò lè bá igbó Oǹdó mu rẹ́gí.

Bàtà ńkọ́? Àwọn tó wọn agbára tí ìrìn ń gbà lára ènìyàn rí i pé ẹrù kílò kan tí a so mọ́ ẹsẹ̀ ń rẹ ara tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún kílò kan náà tí a gbé sẹ́yìn, nítorí pé gbogbo ìgbésẹ̀ ni à ń gbé e sókè tí à ń sọ ọ́ kalẹ̀. Nítorí náà, fún àtẹ̀gùn àti ojú ọ̀nà tó mọ́, bàtà kànfáàsì fífúyẹ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ lórí òkúta tútù ló dára jù, ní pàtàkì ní ìdí omi Olúmirin níbi tí eèhọ̀ ti bo àpáta. Oko ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọká ń sùn sábẹ́ ewé gbígbẹ, paramọ́lẹ̀ ń rìn ní alẹ́, sèbé kì í sì í tijú ẹnikẹ́ni. Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n sì ti sábà máa ń bu àgbẹ̀ ṣán. Níbẹ̀, rénbúùtù tí ó dé ìsàlẹ̀ orúnkún, èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa ń wọ̀, sàn ju bàtà sójà lọ: ó ga jù ú, kò gba omi, ẹ sì lè fi kànǹkàn fọ ẹrẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bàtà sójà tí omi bá ti wọ̀ kì í tètè gbẹ, ẹsẹ̀ tó bá sì ń gbé inú omi yóò dégbò.

Nínú gbogbo ẹrù sójà, àwọn ohun kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í ya fọ́tò ni mo fẹ́ kí ẹ náwó lé. Tọ́ọ̀ṣì orí, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣí sílẹ̀. Fèrè. Ọ̀já tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró nígbà tí àdá bá gé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í dúró de mọ́tò kí ó tó tán. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ọ̀já yìí kì í ṣe ti ejò. Bí ejò bá bu ẹnì kan ṣán, ẹ má ṣe fi ohunkóhun dì í pinpin, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fa á. Ẹ jẹ́ kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹsẹ̀ náà má ṣe mì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò láìdúró de ẹnikẹ́ni. Dídì pinpin ti sọ ọ̀pọ̀ di ẹlẹ́sẹ̀ kan.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù báyìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ àwọ̀.

Aṣọ là ń kí kí á tó kí ènìyàn. Ìrínisí sì ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọ̀ tí sójà ń wọ̀, ohun tí a ṣe é fún ni pé kí ojú má baà rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ta ni ẹ̀yin ń sá pamọ́ fún lórí òkè? Bí ẹnì kan nínú yín bá yẹsẹ̀ tí ó já sínú kòtò àpáta, tí ìrọ̀lẹ́ sì ń lẹ́, àwọn tó ń wá a kiri yóò wo ibi tó wà lẹ́ẹ̀mẹwàá láìrí i, nítorí pé owó ara rẹ̀ ló fi ra ohun tí ó sọ ọ́ di ewé àti òkúta. Ní òru, ẹ rántí pé àwọn ọdẹ wà nínú igbó. Mo mọ òórùn kábáádì tí wọ́n fi ń tan iná ọdẹ láti kékeré. Mo mọ bí iná ọdẹ ṣe ń gúnlẹ̀ sára ewé, tí ẹyin ojú ẹran yóò fi tàn padà, tí baba mi yóò fi dúró, tí yóò súfèé lẹ́ẹ̀kan kí ó tó gbé ọwọ́ lé ìbọn, bóyá ènìyàn ni yóò dáhùn. Gbogbo ọdẹ kọ́ ló ní irú sùúrù yẹn. Àwọn Amẹ́ríkà tó ń rán aṣọ wọ̀nyí mọ ewu náà: ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn, òfin pa á láṣẹ pé ọdẹ tó bá fẹ́ fi ìbọn dọdẹ àgbọ̀nrín gbọ́dọ̀ wọ àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, nítorí pé ojú àgbọ̀nrín kò lè dá a mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ọmọ ènìyàn ń rí i láti òkèèrè. Àwọn ọdẹ tí igbó jẹ́ ilé fún wọ̀nyẹn ń wọ ohun tí gbogbo ayé lè rí. Àwa tí a lọ ṣeré ni a ń wọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí.

Bẹ́ẹ̀, òfin wa pàápàá kò sùn. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà kọ̀ ọ́, ní abala 110, pé kí ẹni tí kì í ṣe ológun wọ aṣọ ológun tàbí aṣọ tí ó jọ ọ́. Wọ́n yọ àwọn tó ń ṣe eré orí ìtàgé sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò yọ agunkè sílẹ̀. Àwa nìkan kọ́. Ní Jamaica àti ní Barbados, bí àlejò bá wọ irú aṣọ yẹn sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú, òfin lè gbà á lára rẹ̀. Ìyà tí àwọn ọmọ wa ti jẹ lọ́wọ́ àwọn ológun lójú títì nítorí ṣòkòtò alábàwọ́n lásán kò ṣe é kà, n kò sì sọ pé ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni na ọmọ ọlọ́mọ nítorí aṣọ. Ìwà ìkà ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ó fi aṣọ pe ìkà sọ́dọ̀ ara wa?

Ewu kan tún wà tó ju ti sójà lọ. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà oko wa di ibi ìfòyà, àwọn ọ̀daràn kan ti ń wọ aṣọ ológun kí awakọ̀ lè dúró fún wọn. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tí wọ́n wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bá yọ láti inú igbó sí ojú ọ̀nà oko ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n gbé àpò ńlá sẹ́yìn, kí ni ìyá àgbà tó ru igi ìdáná bọ̀ yóò rò? Yóò sọ igi sílẹ̀, yóò ké, yóò sì sá wọ inú igbó, ní ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tí kò ní ibi kankan lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ ọdẹ aṣọ́de ló rí wọn ńkọ́, tàbí àwọn ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà wa ṣe ìfilọ́lẹ̀ wọn ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 2020, tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ̀dá aláṣọ ológun kan wà nínú igbó náà láti àná? Kò sí ẹni tó máa kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹgbẹ́ agunkè yín. Ohun tó yẹni ló yẹni. Okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ.

Nítorí èyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ìfẹ́: ṣòkòtò tó lágbára, ẹ wọ̀ ọ́, kí ó jẹ́ àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ búlúù, ẹ̀wù apá gígùn fífúyẹ́, kí ó pupa tàbí kí ó pọ́n bí ọsàn, ẹ fi fèrè kọ́ ọrùn, kí ẹ sì sọ fún ará ìlú tí ẹ fẹ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá kí ẹ tó wọ igbó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta bósíkọ́nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ ohun tí òfin sọ nípa aṣọ alábàwọ́n kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin aláṣẹ ibi ìgbafẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Ọ̀ṣun, ní Èkìtì àti ní Ògùn, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ṣọwọ́ sí. Ní ẹnu ọ̀nà òkè yín, ibi tí ẹ ti ń gba owó ìwọlé, ẹ kọ ọ́ sójú pátákó ní Yorùbá gidi, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi: irú aṣọ tó yẹ, irú bàtà tó yẹ, àwọ̀ tí a kò fẹ́, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò dáhùn bí ẹnì kan bá ṣubú. Ẹ kó ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ojú títì ń wọ̀, sí yàrá aṣọ́nà, kí ẹni tó bá wọ aṣọ alábàwọ́n dé lè yá ọ̀kan kí ó tó gòkè, kí ó sì dá a padà nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ sì lè ṣe é kí ìgbà ọyẹ́ tí èrò máa ń pọ̀ lórí òkè tó dé.

Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ọdẹ,
Oǹdó.